Àpò omi inú kíndìnrín bàbá, ẹ̀fọ́rí ọmọ

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, ọmọ ọdún 41 ni mí. Wọ́n ṣe síkáànì fún bàbá mi, wọ́n ní àpò omi ló kún kíndìnrín wọn méjèèjì, pé àrùn ìdílé ni. Èmi náà ń ní ẹ̀fọ́rí báyìí. Aládùúgbò wa ní àrùn yẹn máa ń hu kókó sínú ọpọlọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àrùn ìdílé tó ń fi àpò omi sí kíndìnrín, tí àwọn dókítà ń pè ní ADPKD, kì í hu kókó sínú ọpọlọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ ló lè dà láàmú: ògiri rẹ̀ a fẹ́lẹ́ lójú kan, a sì wú síta bíi túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó. Nínú 100 ẹni tó ní ADPKD, bíi 10 ló ń ní irú rẹ̀, púpọ̀ wọn kì í sì í bẹ́. Èyí tó bá bẹ́ kì í yọ́ wá: ẹ̀fọ́rí a dé lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni la odó mọ́ni lórí, èébì a tẹ̀ lé e, ọrùn a gan. Ilé ìwòsàn lóru náà ni o.

Aládùúgbò yín kò kúkú parọ́ tán. Àrùn ìdílé mìíràn wà, von Hippel-Lindau, tó ń fi àpò omi àti jẹjẹrẹ sí kíndìnrín, tó sì ń hu kókó sẹ́yìn ọpọlọ, sínú ojú àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ bi àwọn àgbà ilé: ta ló fọ́jú ní kékeré? Ta ló ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ láìmu ẹmu? (Wọ́n lè ní ayé ló ṣe é, ẹ ṣáà gbọ́ orúkọ.) Ẹ bi wọ́n bákan náà bóyá ẹ̀fọ́rí òjijì pa ẹnì kan rí.

Ní ti ẹ̀fọ́rí tiyín, ìgbà wo lẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn? ADPKD máa ń gbé e sókè kí kíndìnrín tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen, kí wọ́n wọn ìfúnpá, kí wọ́n sì ṣe síkáànì ikùn. Bí òbí kan bá ní ADPKD, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdajì-ìdajì, pé ọmọ á jogún rẹ̀. Lọ́jọ́ orí yín, bí kíndìnrín bá mọ́ tónítóní, ADPKD ti fò yín dá. Kó tó dìgbà náà, ẹ má ra diclofenac tàbí ibuprofen ní kẹ́mísìtì, wọ́n ń ba kíndìnrín jẹ́. Paracetamol ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ má sì kọjá iye tó wà lára páálí.

Bí ẹ̀fọ́rí òjijì bá ti pa ẹnì kan nínú ìdílé, tí síkáànì sì fi hàn pé ẹ ní ADPKD, ẹ béèrè fún àwòrán MRI ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ. Wọ́n lè ṣe é láìgún abẹ́rẹ́ àwọ̀ (oògùn tó ń mú iṣan hàn nínú àwòrán) kankan.