Àbúrò mi páílọ́ọ̀tì, ìrìn ilé sí béèsì yẹn, iṣẹ́ ni

Àbúrò mi, mo rí lẹ́tà ẹ gbà, mo kà á tán mo tún padà kà á. Fún ẹ̀yin tẹ́ ò rí i, ohun tó kọ ni pé igbákejì kápútéènì lòun, ilé òun jìnnà sí béèsì, ìyẹn èápọ́ọ̀tù tí iṣẹ́ òun ti ń bẹ̀rẹ̀, débi pé bàálù lòun ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ìjókòó tó bá ṣẹ́kù lòun ń dúró dè, tí ò bá sí, jumpseat, ìjókòó àfikún tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ bàálù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kó ilé tẹ̀lé iṣẹ́ yìí, wọn ò sì tíì pẹ́ níbi tí wọ́n kó lọ gbẹ̀yìn tí kọ́ńpìnnì fi ti béèsì yẹn pa. Ìyàwó ẹ̀ wá ní òun ò kó mọ́, òun náà níṣẹ́ lọ́wọ́, ara àwọn ọmọ sì ti mọlé níléèwé. Ó ń bi mí pé ṣé kóun fiṣẹ́ sílẹ̀ ni àbí kóun fi dandan lé e pé ìyàwó òun gbọ́dọ̀ kó.

Mi ò tíì ní dáhùn ìyẹn, torí nkan kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà ẹ tó o sáré kọjá lórí ẹ̀, òun gan-an ló lé oorun lójú mi. O ní lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ pè yín lórí rédíò nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ balẹ̀, wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ ò gbọ́, kápútéènì ló dá wọn lóhùn, ó yíjú wò ẹ́, kò sọ nkankan. O ò tíì sọ fún ìyàwó ẹ. Èmi tí o ò rí rí lo wá sọ fún.

Jẹ́ ká jọ ka wákàtí ọjọ́ yẹn bó o ṣe kọ ọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ lo jí. Bàálù àkọ́kọ́ kún, ìkejì náà kún, o dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn àti báàgì lẹ́sẹ̀, ò ń wo orúkọ ẹ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ lórí lísìtì, ẹ̀kẹta lo tó rí jumpseat wọ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lo wọṣẹ́. Ìgbà tẹ́ ẹ máa balẹ̀ kẹ́yìn, aago kan òru ti lù. Nínú ìwé kọ́ńpìnnì, wákàtí mẹ́jọ péré lo fi ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò rú òfin. Nínú ara ẹ ńkọ́? Wákàtí 19 lo fi lajú sílẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 1997 fi hàn pé ẹni tó bá ti lajú fún wákàtí 17, bí ọwọ́ àti ojú ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ò sàn ju ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti tó ìdá 0.05 nínú 100. Mo mọ̀ pé o ò jẹ́ fẹnu kan ọtí kó o tó wọ kọ́kípíìtì láéláé.

Òfin ò ka ìrìn yẹn síṣẹ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, láti 2014, Part 117, òfin wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi àwọn páílọ́ọ̀tì, ní kí páílọ́ọ̀tì sinmi wákàtí 10 kó tó wọṣẹ́, kí 8 nínú ẹ̀ jẹ́ àyè oorun tí ẹnikẹ́ni ò ní dí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àtilé dé béèsì, ọrùn ẹ ló wà. Ní Yúróòpù wọ́n gbani nímọ̀ràn pé tí ọ̀nà bá sábà ń ju 90 ìṣẹ́jú lọ, kéèyàn wábi sùn nítòsí béèsì. Ìmọ̀ràn ni o, kì í ṣe pé ẹnì kan máa sanwó ẹ̀ fún ẹ.

O á ti kà nípa bàálù Colgan Air 3407 ní Amẹ́ríkà, tó já nítòsí Buffalo ní February 2009, èèyàn 50 ló kú. Igbákejì kápútéènì ẹ̀ ti fi òru mọ́jú wọ bàálù láti Seattle wá sí Newark, kápútéènì fúnra ẹ̀, yàrá àwọn òṣìṣẹ́ ní èápọ́ọ̀tù ló sùn sí. Mi ò ní bù mọ́ ọn, NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ò sọ pé àárẹ̀ ló já a, ohun tí wọ́n sọ ni pé kápútéènì fa imú bàálù sókè nígbà tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Wọ́n ní ó jọ pé àárẹ̀ ti mú àwọn méjèèjì, àmọ́ kò ṣeé sọ bó ṣe ràn án tó. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, pé kò sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n.

Torí náà sọ fún ìyàwó ẹ. Sọ gbogbo ẹ̀, ti rédíò yẹn náà, kì í ṣe láti fi fipá mú un kó ẹrù o, mi ò ní bá ẹ lọ́wọ́ sí ìyẹn. Kò ṣe ìkà, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kó, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn ò ní ti èyí náà pa? Ohun tó ń rí ni ọkọ tó ń wọlé tó ń sùn títí ilẹ̀ fi ṣú, táwọn ọmọ ń yọ́ rìn nítorí ẹ̀. Kò mọ ohun tó wà nídìí oorun yẹn.

Iṣẹ́, má tíì fi sílẹ̀ tìbínú-tìbínú. Tó o bá lọ síbòmíì, seniority ẹ, ipò ẹ nínú àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀, rósítà tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ ni wọ́n máa gbé fún ẹ. Kọ orúkọ ẹ sílẹ̀ fún béèsì tó súnmọ́lé, kó o sì máa bid, ìyẹn kó o máa kọ èyí tó o fẹ́ sílẹ̀, fún ìrìn tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó sì parí láàárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn. Láti oṣù yìí, ọjọ́ tó ṣáájú ni kó o máa lọ. Ó máa dùn ẹ́, alẹ́ kan nínú alẹ́ ilé ni, mo mọ̀. Crash pad, yàrá àjùmọ̀gbé nítòsí béèsì tí àlááàmù èèyàn mẹ́fà ń dún nínú ẹ̀ láago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yẹn, jáde níbẹ̀, wá ibi tí bẹ́ẹ̀dì ti jẹ́ tìẹ nìkan, owó ẹ̀ á ga jù ú lọ, ẹ jọ yọ ọ́ látinú owó ilé.

Tí ara ò bá sì gbé e, pe scheduling, àwọn tó ń pín iṣẹ́ fún yín, sọ pé fatigue, ìyẹn àárẹ̀, ni, má pè é ní inú rírun. Kọ aago tó o pè àti ẹni tó gbé e sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fìyà jẹ ẹ́, yúníọ̀n ni kó o kọ́kọ́ gbé e lọ bá. Tó bá di òpin ọdún tí béèsì ò sún mọ́lé, tí oorun náà ò sì tíì padà, nígbà náà ni kí ìwọ àti ìyàwó ẹ jókòó sórí ọ̀rọ̀ àtifiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì pọ̀, kì í ṣe ìwọ nìkan.