Èsì: Òrùlé tírélà tó ń dúró sí agbedeméjì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní òrùlé tírélà yín, ilé kékeré tí ọkọ̀ ń fà, tí páǹpù ọ́ìlì ń gbé òrùlé rẹ̀ sókè, ń dìde dé agbedeméjì, á sì dúró, bẹ́ẹ̀ mọ́tò páǹpù ṣì ń kùn. Ẹ má tíì ra páǹpù tuntun o. Ẹ rọ òrùlé sílẹ̀ pátápátá kí ẹ tó yẹ ọ́ìlì wò. Tó bá ṣì wà lókè, ọ̀pọ̀ ọ́ìlì ti wà nínú sìlíńdà tó ń ti òrùlé sókè, ẹ ó rò pé táǹkì ọ́ìlì ti gbẹ. Tí ọ́ìlì bá ń hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tí ohùn mọ́tò bá ń rẹlẹ̀, iná ni kò tó. Bátìrì tèmi ń fi fólítì (ìwọ̀n agbára iná) 12.6 hàn, ṣùgbọ́n gbàrà tí mo tẹ bọ́tìnì, èyí tó ń dé mọ́tò páǹpù já sí 9. Ibi tí wáyà négétífù ti so mọ́ irin tírélà ló dípẹtà. Mo fi sáńpépà ha á, òrùlé gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki orí bọ abẹ́ rẹ̀ láìfi òpó gidi gbé e ró.