Sọ́fítíwià Ò Ṣí Mọ́, Ṣé Sáìtì Agbo Ilé Wa Ti Lọ Nìyẹn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá wa lóhùn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Èmi ni mò ń bójú tó wẹ́ẹ̀bùsáìtì agbo ilé wa, oríkì wa wà níbẹ̀, ìtàn àwọn bàbá wa àti fọ́tò àwọn tó ti lọ náà wà níbẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti fi sọ́fítíwià kan kọ́ ọ, màá ṣí i, màá tún ọ̀rọ̀ ṣe, màá tẹ Publish, ó parí. Kọ̀ǹpútà mi wá ń ṣe ségesège, kì í tàn dáadáa mọ́, ọmọ mi ra tuntun, ó kó ohun tó rí kó sínú ẹ̀, àmọ́ sọ́fítíwià yẹn kọ̀ kò ṣí. Wọ́n ní àwọn tó ṣe é ti pa á tì. Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò Under G níbí ní kí n gbé ti àtijọ́ wá kóun fọ́máàtì ẹ̀. Ṣé kí n gbé e lọ? Àbí iṣẹ́ yẹn ti bómi lọ?
Bàbá Tíṣà, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì nǹkan kan o, ẹ jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá ti fọ́máàtì ẹ̀ tí wọ́n sì gbé Windows tuntun lé e, Windows yẹn á jókòó sórí ibi tí fáìlì yín wà, ibi tó bá sì ti jókòó sí kò sẹ́ni tó lè kó ohun tó wà níbẹ̀ jáde mọ́. Ohun tí ọmọ Under G yẹn lè bá yín ṣe ni kó yọ hard disk inú ẹ̀, kó fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun, kẹ́ ẹ kó gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ kó o pátápátá, ẹ má ṣà á. Iṣẹ́ kékeré ni, kò yẹ kó gbowó púpọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Sáìtì yín kì í gbé inú sọ́fítíwià. Sọ́fítíwià yẹn ní fáìlì tirẹ̀ tóun nìkan lè kà, nígbà tẹ́ ẹ bá wá tẹ Publish, ó máa ń ṣe ojú ewé HTML jáde, á kó o lọ sórí kọ̀ǹpútà àwọn tẹ́ ẹ̀ ń sanwó fún lọ́dọọdún. Pátánì táńlọ̀ ni fáìlì àkọ́kọ́, HTML ni aṣọ tí wọ́n ti rán tán. Pátánì lè sọnù, aṣọ ṣì wà. Ẹ tẹ àdírẹ́sì sáìtì yín lórí fóònù, tó bá ṣí, ẹ fọkàn balẹ̀.

Kì í sì í ṣe tiyín nìkan, irú ẹ̀ pọ̀. FrontPage ti Microsoft, ti 2003 ló jáde kẹ́yìn. Adobe ṣíwọ́ lórí Muse ní March 2020. Àwọn tó ń lo Mac náà jẹ nínú ẹ̀, nígbà tí Catalina, ètò tuntun tí Mac fi ń ṣiṣẹ́, dé ní 2019, gbogbo sọ́fítíwià 32-bit, ìyẹn irú ti àtijọ́, kọ̀ kò ṣí mọ́ lórí Mac tó bá ti gbà á.

Tí sáìtì bá ṣì ń ṣí, ẹ wá ímeèlì tí ilé iṣẹ́ hosting, ìyẹn àwọn tẹ́ ẹ̀ ń sanwó fún lọ́dọọdún, fi ránṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ sanwó, pásíwọọ̀dù tàbí ọ̀nà tẹ́ ẹ máa fi yí i padà wà níbẹ̀. Ẹ wọ cPanel, ojú ewé tẹ́ ẹ ti lè bójú tó sáìtì yín lọ́dọ̀ wọn, ẹ ṣí File Manager, ẹ wọ fóldà tí wọ́n ń pè ní public_html, ẹ mú gbogbo ẹ̀, ẹ tẹ Compress kó di zip kan ṣoṣo, ẹ wá dáńlóòdù ẹ̀. Àwọn tí kò ní cPanel lè lo FileZilla, sọ́fítíwià tó ń kó fáìlì láti orí hosting wá sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀dà kan sórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà kan sórí fláàṣì, ìkẹta lọ́wọ́ ọmọ yín tó wà nílùú òkè, tó bá wà.

Tí sáìtì bá ti kú nítorí owó tí ẹ ò san, ẹ kọ́kọ́ pe ilé iṣẹ́ yẹn ná, torí owó àdírẹ́sì lọ́tọ̀, owó hosting lọ́tọ̀, ó lè jẹ́ àdírẹ́sì nìkan ló kú tí fáìlì sì wà níbẹ̀ digbí. Tí wọ́n bá ní àwọn ti pa á rẹ́, ẹ lọ sí web.archive.org, ẹ tẹ àdírẹ́sì àtijọ́ sí i, wọ́n ti ń kó ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́ láti 1996. Ẹ máa rí kàlẹ́ńdà, ẹ tẹ ọjọ́ tó ní àmì. Fọ́tò míì lè má sí níbẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá sì fi id_ sẹ́yìn nọ́ńbà gígùn tó wà nínú àdírẹ́sì òkè yẹn, ojú ewé yín á jáde bó ṣe wà gan-an, láìsí àmì wọn lórí ẹ̀.

Àtúnṣe ńkọ́? Èmi ò ní ní kẹ́ ẹ máa wá bí sọ́fítíwià yẹn á ṣe jí, ẹ̀ ń fàkókò ṣòfò ni. Notepad tó wà nínú Windows ni kẹ́ ẹ fi ṣí index.html, ìyẹn ojú ewé àkọ́kọ́ sáìtì yín, ẹ má fi Word ṣí i o, á da kóòdù ráńdanràndan sí i. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ yí padà, ẹ yí i, ẹ má fọwọ́ kan àwọn àmì tó yí i ká. Ibi tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù rèé torí oríkì yẹn: Notepad àtijọ́, ANSI, ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà sílẹ̀, ló máa ń fi tọ́jú fáìlì fúnra ẹ̀, ANSI ò sì mọ ẹ, ọ, ṣ wa, "ọmọ" á di "?m?", "ẹṣin" á di "??in". Á kìlọ̀ fún yín o, àwa la máa ń tẹ OK láìkà á. Ẹ tẹ Save As, ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Encoding sí, ẹ mú UTF-8, òun ló mọ lẹ́tà Yorùbá. Windows 10 tí wọ́n tún ṣe ní 2019 àti èyí tó tẹ̀ lé e ti ń mú UTF-8 fúnra ẹ̀, àmọ́ ẹ ṣáà wò ó.

Fọ́ọ̀mù tí àwọn ará ilé fi ń kọ̀wé sí yín, tó bá wà, orí kọ̀ǹpútà hosting nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní rí i gbà ní web.archive.org. Ẹ kàn kọ nọ́ńbà WhatsApp síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, igbá fínfín ni mò ń tà nítòsí Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Wix ni mo fi ṣe sáìtì mi, mo fẹ́ kó o lọ síbòmíì. Ṣé mo lè dáńlóòdù gbogbo ẹ̀?
Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Rárá o, ìyá ìbejì. Wọn ò fàyè gbà á kéèyàn kó sáìtì Wix jáde kó gbé e sórí hosting míì. Ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín lẹ lè kó jáde bíi CSV, fáìlì tí Excel lè ṣí, fọ́tò lẹ máa dáńlóòdù, ọ̀rọ̀ lẹ máa kọ̀pí. Àdírẹ́sì tẹ́ ẹ fowó ara yín rà, ẹ lè gbé e lọ, àmọ́ ẹ gbé e kúrò ná kẹ́ ẹ tó dáwọ́ owó Wix dúró.