Jíìpù Olówó Ńlá: Ṣé Eré Rẹ̀ Ló Yẹ Kí A Wò?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o. Adó-Èkìtì ni mo ń gbé, àmọ́ iṣẹ́ máa ń gbé mi lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, màmá mi tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún sì sábà máa ń bá mi lọ nítorí ìtọ́jú ojú. Mo fẹ́ ra jíìpù tòkunbọ̀ tó dára. Lexus RX 350 ti ọdún 2017 àti Lexus GX 460 ti ọdún kan náà ni mo ń rò. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n gbàgbé méjèèjì, kí n ra Mercedes GLE 450 ti ọdún 2020, nítorí pé ó yá ju àwọn yẹn lọ fíìfíì, àti pé kò bójú mu kí ènìyàn kó owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lé ọkọ̀ tí kò lè sáré. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ní ẹni tó bá ra ọkọ̀ ìgbádùn kò wá eré, ìtura ló ń wá. Èwo ni kí n gbọ́?
Òǹkàwé yín, Adó-Èkìtì.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́, mà, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Ọ̀rọ̀ ọkọ yín àti ti àbúrò yín kò jìnnà síra tó bí ẹ ṣe rò, nítorí pé ara ìtura ni agbára ẹ́ńjìnnì wà. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ṣì í ni pé eré láti ojú ìdúró ni wọ́n fi ń wọn agbára náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òǹkà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà gbé jáde. RX 350 tí ẹ ń wò ní sílíńdà 6, agbára ẹṣin rẹ̀ sì jẹ́ 295. GX 460 ní sílíńdà 8 àti agbára ẹṣin 301. GLE 450 ní sílíńdà 6 pẹ̀lú turbo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, agbára ẹṣin tirẹ̀ sì jẹ́ 362. Láti ojú ìdúró títí dé 60 máìlì ní wákàtí kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 97, àwọn Lexus méjèèjì kì í gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 8. GLE ń ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá 5 àti ààbọ̀. Bó bá jẹ́ pé èyí nìkan la fẹ́ fi dájọ́, àbúrò yín ti jàre. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi eré ṣí láti ojú ìdúró ní ọ̀nà Adó sí Ìbàdàn? Ibi tí ọkọ̀ ti sábà ń dúró pátápátá lójú ọ̀nà yẹn ni ìdí ihò àti iwájú àwọn agbófinró, kò sì sí ẹni tó ń fi ìbínú gbéra níbẹ̀.

Ibi tí agbára ti ń wúlò ni àárín kìlómítà 60 sí 100 ní wákàtí kan, nígbà tí ẹrù wà nínú ọkọ̀ tí ọ̀nà sì ń gun òkè. Ẹ̀yin náà mọ òkè Ẹfọ̀n Aláayè jù mí lọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wa jíìpù kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré fún ara rẹ̀ gun òkè náà láti ìhà Àrámọ̀kọ. Àwa márùn-ún la wà nínú rẹ̀, iṣu sì kún búùtù dé òkè. Tírélà kan tó ru pákó ń wọ́ lọ níwájú wa, èéfín rẹ̀ ń wọlé tọ̀ wá. Nígbà tí ọ̀nà là díẹ̀, mo yà sílẹ̀, mo sì tẹná. Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni jíà já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, abẹ́rẹ́ tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan fò kọjá 5,000, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, ìyá àgbà tó ń sùn lẹ́yìn sì ta jí, ó ní, “Kí ló dé?” Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn tírélà náà la ṣì wà. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, mo padà sẹ́yìn rẹ̀. Awọ gidi ló wà lórí àga ọkọ̀ yẹn, ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ara kò tu ẹnikẹ́ni nínú wa títí a fi dé Ìtàwúrẹ́.

Mo ti ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a ní tírélà tó gùn ní mítà 20 ń rìn ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ẹ wà ní mítà 20 lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó yà, ẹ sì fẹ́ fi mítà 20 sílẹ̀ fún un kí ẹ tó padà sí ọwọ́ yín, kí a sì ka gígùn ọkọ̀ tiyín sí nǹkan bíi mítà 5. Ọkọ̀ tó lè ti 60 dé 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 5 yóò parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 8 ó lé díẹ̀. Èyí tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 9 kí ó tó dé 100 yóò lò ju 10 lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 2 péré ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń fi kìlómítà 100 ní wákàtí kan bọ̀ wá pàdé yín ń rin nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà yóò ti fi ohun tó ju mítà 50 sún mọ́ yín sí i. Mi ò lè pe ìyẹn ní ohun kékeré. Mo sì bẹ̀ yín kí ẹ wo apá kejì ìṣirò náà: ọkọ̀ tó yá yẹn pàápàá yóò rin nǹkan bíi mítà 200 kó tó kọjá tán, ẹni tó ń bọ̀ yóò sì ti rin ohun tó ju 200 lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ojú yín gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà tó mọ́ tó mítà 430, ó kéré tán, kí ẹ tó yà. Kọ́nà òkè Ẹfọ̀n kì í fi tó bẹ́ẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Agbára ẹṣin 362 kò sì lè jẹ́ kí ẹ rí ohun tó wà lẹ́yìn àpáta.

Ohun tí ọkọ yín ń pè ní ìtura wà nínú irú agbára mìíràn, èyíinì ni agbára ìfà (torque), a sì gbọ́dọ̀ wo iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ní láti yí ní ìṣẹ́jú kan kí ó tó mú un jáde. RX gbọ́dọ̀ yí dé 4,700 kí ìfà rẹ̀ tó pé, GX ń rí tirẹ̀ ní 3,500, turbo GLE sì ti ń fún un ní gbogbo tirẹ̀ láti 1,600. Ẹ́ńjìnnì tó ń rí ìfà rẹ̀ nísàlẹ̀ kò nílò láti pariwo. Ẹ ó kàn fi ẹsẹ̀ kàn án díẹ̀, yóò sì lọ, ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀. Lórí èyí, mo gbà fún àbúrò yín tọkàntọkàn: GLE dùn ún wà lórí òkè ju àwọn Lexus méjèèjì lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí sílíńdà 8 ti GX tàn yín, nítorí ó fi ohun tó ju 300 kìlógíráàmù wúwo ju RX lọ, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yá jù ú.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé kí ẹ ra GLE. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da epo sí lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀; epo tí ọ́kíténì rẹ̀ ga, ìyẹn èyí tí kì í tètè gbiná fúnra rẹ̀, ni ó ń béèrè. Bí epo tí a rà kò bá tó bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ yóò fa àkókò tí iná ń tan epo sẹ́yìn kí epo má baà bú gbàù nínú ẹ́ńjìnnì lọ́nà tí kò yẹ, apá kan nínú agbára tí ẹ fi owó rà yóò sì sọnù. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì. RX 350 kún ìlú, kò sí ibi tí ẹ ó ti pàdánù ẹni tó mọ̀ ọ́n láàárín Adó sí Ìbàdàn. Turbo tó bá bà jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ́bàá ọ̀nà Iléṣà, pẹ̀lú Màmá lẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ní ti epo, ìdíwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà fi hàn pé GX ń mu nǹkan bíi líta 15 fún kìlómítà 100, RX sì ń mu nǹkan bíi 11. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, ẹni tó ń rin ìrìn yín lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yóò mọ líta 4 yẹn lára.

RX 350 ni mo fọwọ́ sí fún yín. Ènìyàn méjì sí mẹ́ta pẹ̀lú báàgì díẹ̀ kò ju agbára rẹ̀ lọ, àga rẹ̀ kò ga tó ti GX fún ẹni ọgọ́rin ọdún láti gùn, òfin sì ní kí ọkọ̀ aládàáni má kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ní òpópónà márosẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn méje lẹ máa ń kó, tí ọ̀nà oko sì wà nínú ìrìn yín, GX ni ǹ bá ní kí ẹ rà, kí ẹ sì fara mọ́ owó epo rẹ̀.

Ẹ má ṣe sanwó kí ẹ tó wo táyà. Òǹkà mẹ́rin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 2316 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dúdú tó. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín tú táyà iwájú kan kí ó wo bíréèkì, nítorí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń rìn kó tó dúró lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ bíréèkì ń di ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, kí ènìyàn mẹ́rin jókòó sínú rẹ̀, kí ẹ wà á lọ sí orí òkè tí ọ̀nà ti fẹ̀, kí ẹ pa rédíò, kí ẹ sì tẹná láti 60 lọ sí 90. Ẹ fetí sí i bóyá jíà yóò gbọn ọkọ̀ nígbà tó bá já wálẹ̀. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ tí kò bá gbà kí ẹ ṣe èyí, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un.