Èèyàn ni mọ́dẹ̀lì yín dá mọ̀, kì í ṣe àrùn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní mọ́dẹ̀lì yín gba 98% lórí EEG (àkọsílẹ̀ ìgbì iná ọpọlọ) tí wọ́n gbà ní Thessaloniki, nílẹ̀ Gíríìsì, pé ó ń ya Alzheimer's sọ́tọ̀ kúrò lára FTD (irú àrùn ìgbàgbé tó ń ba iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ jẹ́) àti àwọn tí ara wọn le, àmọ́ nígbà tí ẹ gbé e dé orí EEG ilé ìwòsàn mìíràn, ó dojú rú. Ẹ má tíì fọwọ́ kan mọ́dẹ̀lì náà. Bí ẹ ṣe pín dátà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Èèyàn 88 ló wà nínú dátà Thessaloniki náà, ds004504, tó wà lórí OpenNeuro, ìkànnì tí wọ́n ń kó dátà ọpọlọ sí: 36 ní Alzheimer's, 23 ní FTD, ara 29 yòókù le. Wọ́n ní kí gbogbo wọn di ojú, wọ́n sì gba ìgbì ọpọlọ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 13. Tí ẹ bá gé e ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin mẹ́rin, ẹ ó rí nǹkan bí ègé 17,000, inú yín á sì dùn. Ṣùgbọ́n iṣu 88 náà ló ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹ bá da gbogbo ègé pọ̀ kí ẹ tó fi train_test_split (tí kì í wo ẹni tó ni ègé) pín in, iṣu tí mọ́dẹ̀lì ti jẹ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ náà lẹ tún bù fún un nígbà ìdánwò. Ìgbì ọpọlọ kálukú ní àmì tirẹ̀: ibi tí alpha rẹ̀ (ìgbì tó ń lọ nǹkan bí ìgbà 8 sí 13 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 8–13 Hz) ti ga jù, bí egungun orí rẹ̀ ṣe nípọn tó, bó ṣe máa ń fún eyín pọ̀. Àmì yẹn ni mọ́dẹ̀lì há sórí.

Ẹ lè rí i fúnra yín. Ẹ pín orúkọ àrùn fún èèyàn 88 náà bí ẹni ta tẹ́tẹ́, kí gbogbo ègé ẹnì kan jẹ́ orúkọ kan náà, kí ẹ wá kọ́ mọ́dẹ̀lì láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ wọ̀nyẹn kò nítumọ̀ mọ́, nítorí náà kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ kọjá 41%, iye tí ẹni tó kàn ń pe gbogbo ayé ní Alzheimer's á gbà. Tó bá ṣì ń gba 90%, ọ̀rọ̀ ti tán.

LeaveOneGroupOut tàbí GroupKFold ni kí ẹ lò nínú scikit-learn, irinṣẹ́ Python, láti rí i pé ègé ẹnì kan kò sí ní apá méjèèjì, kí groups jẹ́ nọ́ńbà èèyàn, láti sub-001 lọ. Inú apá ìkọ́ṣẹ́ nìkan ni kí ẹ ti ṣírò mean (ìpíndọ́gba) àti SD (bí nọ́ńbà ṣe fọ́n ká tó), ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti ṣa feature, ìyẹn ohun tí mọ́dẹ̀lì á máa wò. Lẹ́yìn náà kí àwọn ègé ẹnì kan dìbò, kí ìdáhùn jẹ́ ẹyọ kan fún èèyàn kan. Láàárín Alzheimer's àti FTD, èèyàn 59 péré ni. Àṣìṣe lórí ẹnì kan ti tó 1.7%, ẹ má fi nọ́ńbà ẹ̀yìn ojúàmì yangàn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Máàkì MMSE (ìdánwò ìrántí àti ìrònú, tí máàkì kékeré fi hàn pé àìsàn le) àwọn Alzheimer's jẹ́ 17.75 nínú 30 ní ìpíndọ́gba, ti FTD jẹ́ 22.17. Àìsàn ti wọ àwọn tàkọ́kọ́ lára ju ti àwọn kejì lọ. Ó ṣeé ṣe kí bí àrùn ṣe le tó ni mọ́dẹ̀lì ń wọ̀n, kó má jẹ́ irú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ òògbé gidigidi. Àgbàlagbà tó di ojú fún ìṣẹ́jú 13 lè tòògbé. Alpha O1 àti O2, lẹ́yìn orí, á rọ lọ, theta (ìgbì 4–8 Hz) á gòkè, bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń wá lára Alzheimer's nìyẹn gan-an. Ẹ wo F7 àti F8, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì iwájú orí: tí ìlà méjèèjì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí ọ̀kan ń lọ sókè bí èkejì ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, ojú ló ń yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú yẹn. Ẹ gé ibẹ̀ sọnù.

Ẹ má sì kàn gbára lé 8–13 Hz fún alpha. Ẹ wá góńgó rẹ̀ láàárín 4 sí 13 ná, torí alpha tó ti fà sẹ́yìn dé 7 Hz á di theta lójú kóòdù yín. Góńgó FTD sábà máa ń dúró síbi tó yẹ fún ìgbà pípẹ́. Ti Lewy body, irú àrùn ìgbàgbé mìíràn, tó máa ń wá sísàlẹ̀ 8 Hz, kò sí nínú dátà yìí rárá, nítorí náà tí ọ̀kan bá wà nínú ti ilé ìwòsàn kejì, ó ṣeé ṣe kí mọ́dẹ̀lì pè é ní Alzheimer's. Ìdáhùn mẹ́ta péré ló mọ̀.

Ní ti fáìlì ilé ìwòsàn kejì yẹn: tí orúkọ ìkànnì wọn bá jẹ́ T7, T8, P7, P8, àwọn náà ni T3, T4, T5, T6 níbí. Thessaloniki gbà á ní 500 Hz (ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), nínú fáìlì tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, A1 àti A2 tó wà lẹ́yìn etí méjèèjì sì ni reference, ìyẹn ibi tí wọ́n fi ń wọn ìkànnì yòókù. Tí tiwọn bá yàtọ̀, ẹ sọ méjèèjì di average reference (ìpíndọ́gba gbogbo ìkànnì) àti 250 Hz. Ẹ wò ó bóyá volt ni tàbí microvolt. Ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe ṣe irun. Lórí irun dídì tí ìpara kún, fìlà EEG kì í kan awọ orí dáadáa. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú u, kí wọ́n ya irun, kí wọ́n fi gel ha awọ orí títí impedance (ìdènà iná láàárín fìlà àti awọ orí) á fi wá sísàlẹ̀ 5 kΩ. Bí wọn kò bá kọ iye yẹn sílẹ̀, ẹ yọ ìkànnì tí ìlà rẹ̀ ń fò kúrò.