Èsì: «Service Ride Control» tó ń yọ tó ń lọ lórí Corvette C6

Bọ̀dá, ẹ ní «Service Ride Control», ìkìlọ̀ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù pé ètò ṣọ́ọ̀kù oníná ọkọ̀ ní ìṣòro, ń yọ lórí Corvette yín. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí táyà bá kó sí kòtò nìkan ló ń yọ bí ẹ ṣe wí, ẹ má tíì ra ṣọ́ọ̀kù o. Owó gidi ni, ó sì lè jẹ́ wáyà ló ń fà á.

Ẹ kọ́kọ́ wọn bátìrì: kó tó fóltì 12.6 tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa. Ẹ ka kóòdù àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi pamọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C, kí ẹ tó pa á rẹ́; ẹ̀rọ pọ́ọ́kú tó ń ka ti ẹ́ńjìnnì nìkan ò ní rí i. Ẹ pa ọkọ̀ pátápátá, ẹ yọ plug wáyà tó wọ inú ṣọ́ọ̀kù tí kóòdù tọ́ka sí, ẹ fi mítà wọn ohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná) ṣọ́ọ̀kù náà, kí ẹ máa mi wáyà rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ń fò sókè sódò, wáyà ti já nínú rọ́bà. Bó bá dúró, tó sì bá ti ẹ̀gbẹ́ kejì mu, ẹ wo ọ̀pá kékeré tó so sensor (ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ bí táyà ṣe ń lọ sókè sódò) mọ́ àámù, irin tó gbé táyà: oríkèé rẹ̀ máa ń yọ.