Kí ni àwọn ẹyẹ inú àwòrán ilẹ̀ Nẹ́dálándì ń sọ?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ló dé tí àwọn olówó Nẹ́dálándì, láàárín 1650 sí 1700, ń náwó sórí àwòrán ẹyẹ tó bẹ́ẹ̀. Ṣé òwe ni wọ́n ń fi pa?

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Melchior d'Hondecoeter (1636–1695), ọmọ Utrecht tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹyẹ nìkan, ya kannakánná tó fi ìyẹ́ ẹlòmíràn ṣoge, tí àwọn tó ni ìyẹ́ wá ń fà á tu lára rẹ̀. Ìtàn Aesop, apàlọ́ ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, nìyẹn.

Àmọ́ fáàrí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní Rijksmuseum, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Amsterdam, wo èyí tó ya ẹyẹ òfú létí omi, tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ yí i ká, tí ìyẹ́ kan sì léfòó níwájú. Ọkọ̀ òwò ilẹ̀ náà ń kó ẹyẹ àjèjì bọ̀ láti Éṣíà, Áfíríkà àti Amẹ́ríkà, ẹni tó bá sì ní wọn lágbàlá kò ní fẹ́ kó mọ síbẹ̀. William Kẹta, ọmọ aládé Nẹ́dálándì tó di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1689, gbéṣẹ́ fún Hondecoeter. Àwọn oníṣòwò Amsterdam náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti òkú ẹran ìgbẹ́ ló dùn mọ́ mi jù: ehoro àti ẹyẹ tí wọ́n so kọ́, irú èyí tí Jan Weenix, ìbátan Hondecoeter, ń yà. Àwọn ọlọ́lá ìdílé ni òfin fún láyè láti ṣọdẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀. Òwò ló sọ oníṣòwò dolówó, kò bí i sí ilé ọlọ́lá. Ohun tí kò lè pa nínú igbó, ó rà á lára ògiri.

Ẹ ṣọ́ra fún ìtumọ̀ tó dé lẹ́yìn, o. Jan Asselijn ya swan, ẹyẹ odò funfun ọlọ́rùn gígùn, tó na ìyẹ́ kalẹ̀ láti gbèjà ẹyin rẹ̀ lọ́wọ́ ajá. Ẹnìkan kọ ọ́ sí i pé ẹyẹ náà ni Johan de Witt, olórí ìjọba, ẹyin ni Holland, ajá sì ni ọ̀tá ìlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1652 ni Asselijn kú. 1653 ni De Witt ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò náà.